Ta Ni Ẹ Ń Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́?

Àwọn kan ń fẹ́ ìtàn àròsọ apanilẹ́rìn-ín nípa ọmọ Bàrígà tó já wọ àárín àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun. Ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí bàtà rẹ̀ ya, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, ká sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kò gbà.

Òótọ́ ni pé àlejò lójú, kò fi ríran. Àmọ́ ohun tó ti mọ́ onílé lójú, àlejò ní í yà lẹ́nu. Ẹ wo Maurice Flitcroft, awakọ̀ kireni agbẹ́rù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó díje láti wọ Open ní 1976. Ẹni tí ń fi gọ́ọ̀fù ṣeré ni wọ́n ń bi ní ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ òun ni, ó ti wọlé. Flitcroft ní iṣẹ́ òun ni! Ìgbà 121 ló gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n lé e. Ó yí ìmúra padà, ó yí orúkọ padà, ó tún dé. Ta ni ọ̀gọ̀?

Ní 1963, Papwa Sewgolum, ọmọ ìran India ní Gúúsù Áfíríkà, gba ife Natal Open. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò jẹ́ kó wọ ilé ẹgbẹ́. Inú òjò ló ti gba ẹ̀bùn rẹ̀. Ṣé òun ló yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ẹ kọ ìwé náà. Ilé ìtẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú, Bàrígà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Èkó. Ẹnu-ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fi rẹ́rìn-ín, ẹ má fi ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.