Ilé Olúwa Kò Ní Ilẹ̀kùn Méjì

 

Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì létí wa. Kò sí ìjọ tí kì í gbàdúrà fún un. Gbogbo wa la mọ Johanu 17:21, níbi tí Olúwa wa ti bẹ Baba pé kí àwọn tó gba òun gbọ́ jẹ́ ọ̀kan, kí ayé lè gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe Àmín tán, oníkálukú a padà sí àyè rẹ̀: olówó síwájú, tálákà sẹ́yìn, ìjọ tèmi lọ́tọ̀, ìjọ tìrẹ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀kọ́ nìkan ló ń pín wa níyà. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn àwa Pẹ́ńtíkọ́sì fúnra wa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó jókòó àti ẹni tó yẹ kó dúró síta ti dá ìyapa ńlá sílẹ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1906, ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ William J. Seymour, tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, fẹ́ kọ́ Bíbélì lọ́dọ̀ Charles Parham, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun. Òfin ìgbà náà kò gbà kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀ nínú kíláàsì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Seymour ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: olùkọ́ wà nínú ilé tó ń ṣàlàyé Ẹ̀mí Mímọ́, ẹni tí Ẹ̀mí Mímọ́ fẹ́ lò sì wà níta!

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Seymour fi dé Los Angeles. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni iná ìsọjí ràn, tí wọ́n sì kó lọ sí ilé àtijọ́ kan ní nọ́ńbà 312, Azusa Street. Ilé náà ti ṣe ṣọ́ọ̀ṣì rí kó tó di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù àti ẹṣin sí. Pákó ni wọ́n fi ṣe ìjókòó, àpótí onígi ni wọ́n fi ṣe àga ìwàásù. Níbẹ̀ ni dúdú, funfun, ará Mẹ́síkò, ọlọ́rọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ti jọ kúnlẹ̀, tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé ara wọn lórí, nígbà tí gbogbo ayé wọn ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni Ọlọ́run fi ṣe olùṣọ́ ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Bí ọdún mẹ́ta ni ìsọjí náà fi gbóná, tí àwọn míṣọ́nnárì ń ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ púpọ̀, títí dé Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí Parham wá wo ìsọjí náà ní oṣù kẹwàá ọdún 1906, inú rẹ̀ kò dùn sí bí dúdú àti funfun ṣe dà pọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun ń lọ lọ́tọ̀, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú náà ń lọ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ti Àríwá Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní ọdún 1948, kò sí ìjọ aláwọ̀ dúdú kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀mí kan náà ni, Olúwa kan náà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti di méjì.

Ó tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, àwọn olórí ìjọ méjèèjì pàdé ní ìlú Memphis, ìlú tí wọ́n ti pa Martin Luther King ní ọdún 1968. Níbẹ̀ ni pásítọ̀ aláwọ̀ funfun kan ti gbé omi wá, tó sì fi ẹkún wẹ ẹsẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Ithiel Clemmons ti Church of God in Christ, tó ń tọrọ ìdáríjì. Wọn kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n tú ẹgbẹ́ àtijọ́ náà ká, wọ́n dá tuntun sílẹ̀, Clemmons fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe alága. Kì í ṣe pé gbogbo ọgbẹ́ san lọ́jọ́ kan. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìjọ níbẹ̀ ṣì ń jọ́sìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n tọrọ ìdáríjì, wọ́n sì dìde lórí àga.

Ohun tí àwọn àpọ́sítélì ṣe náà nìyẹn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6. Àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì kò rí oúnjẹ gbà bó ti yẹ, àwọn ènìyàn wọn sì ń kùn. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé kí wọ́n lọ gbàdúrà fún ìfẹ́. Ọkùnrin méje ni ìjọ yàn láti bójú tó oúnjẹ náà, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń fi ìyà jẹ ni wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí ni Bíbélì sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Pásítọ̀, àwa ò kúkú ní dúdú àti funfun níbí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tiwa? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé ọmọ kiri níta títí ìsìn fi parí, kí màdáámù lè ráyè jọ́sìn, ṣé òun kò ní ọkàn ni? Ọlọ́kadà tí ọ́ṣà ní kó dìde níwájú nítorí pé alága ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀, kí ni Jakọbu 2:1-4 sọ nípa rẹ̀? Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń bá wa ṣe Àmín sí ìwàásù tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ fún un ńkọ́?

Láàárín ìjọ sí ìjọ náà, ẹ wo ibi ìsìnkú. Òkú wà nílẹ̀, opó ń sunkún, àwọn ìránṣẹ́ Olúwa méjì ń du ẹni tí yóò gbàdúrà, nítorí pé ìjọ ọkọ yàtọ̀ sí ìjọ ọmọ. Ìyàwó ilé ò lè bá àna rẹ̀ jọ́sìn lọ́jọ́ Kérésìmesì. Bẹ́ẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbàdúrà pọ̀ lówùúrọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, láìbi ara wa ní ìjọ. Ohun tó ṣeé ṣe lọ́jọ́ Ajé, kí ló dé tí kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí apá wa ká. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ pe ẹni tó wà níta wọlé, kí ẹ fún un ní àyè, kí ẹ sì bá a gbé ọmọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ jẹ́ kí tálákà àti àwọn opó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń pín ẹ̀bùn àwọn aláìní. Ẹ̀yin pásítọ̀ àdúgbò kan náà, ẹ jọ ṣe ìsìn pọ̀ ní ilé ìjọ tó kéré jù lọ, kí ìjọ ńlá gbé àga tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ ara yín, ẹ gbé omi, kí ẹ wẹ ẹsẹ̀ ara yín, kí ẹ sì dìde lórí àga náà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Olúwa tí ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa ní ọkàn ìrẹ̀lẹ̀, kí ó sì sọ ilẹ̀kùn wa di ọ̀kan. Àmín.