Kẹ̀kẹ́ Arọ ní Ìlú Olókè

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọ Adó-Èkìtì kò ní pẹ́ mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń so orúkọ Èkìtì mọ́ òkìtì. Bí ọ̀nà kan kò bá gòkè, a sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó ru ẹrù láti Ọjà Ọba lọ sí Òkè-Ìyìnmi yóò mí bí ẹwìrì kí ó tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ekukáká ni a fi ń gbọ́ ìráhùn, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé kì í ka òkè sí ohun bàbàrà. Ṣùgbọ́n báwo ni ti ẹni tí ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ?

Láyé àtijọ́, àwọn Yorùbá a máa pe abuké, arọ, àfín àti aràrá ní ẹni òrìṣà. Wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín ń fi ẹni tí ó mọ wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí, kò sì yẹ kí ó parun. Àléébù kan ṣoṣo ni ó ní: ọ̀wọ̀ náà kò fún arọ ní ohun tí yóò fi rìn. Pákó kéékèèké méjì ni arọ ń fi ọwọ́ mú, tí ó sì fi ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. Afọ́jú ní ọ̀pá lọ́wọ́, ọmọdé kan a sì máa fa ọ̀pá náà níwájú, ọmọdé tí ìbá wà ní ilé-ìwé. Ohun tí ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ aráyé ń fún wọn ni sàárà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí a fún ènìyàn ní sàárà àti kí a fún un ní ohun èlò tí kò ní jẹ́ kí ó tọrọ sàárà mọ́.

Lóòótọ́, àwọn olówó, àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn olóṣèlú a máa kó kẹ̀kẹ́ arọ jọ láti pín. Wọn a pe àwọn oníròyìn, wọn a sì ya àwòrán. A kì í bú ẹni tí ó ṣe oore. Ṣùgbọ́n irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sábà ń pín ni èyí tí a ṣe fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, níbi tí ilẹ̀ ti ń dán. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kéré. Bí ó bá kan òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹrẹ̀, a há, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ a sì ta síwájú. Bí ìjókòó rẹ̀ kò bá bá ara ẹni náà mu, tí kò sì sí tìmùtìmù rere lábẹ́ rẹ̀, egbò a dá sí ìdí ẹni tí ara rẹ̀ ti kú tí kò mọ ìrora, irú egbò bẹ́ẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi sọ pé kí a kọ́kọ́ wọn ẹni tí yóò lo kẹ̀kẹ́, kí a kọ́ ọ ní bí a ti ń lò ó, kí ó sì rí ibi tí wọn yóò ti máa bá a tún un ṣe. Télọ̀ kì í rán aṣọ fún ẹni tí kò wọ̀n. Kí ló dé tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún arọ?

Ní ìlú Jos, Ayuba Gufwan, ẹni tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti ń fi irin jó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ọwọ́ yí. Ṣéènì àti táyà rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń gùn, nítorí náà bí ó bá bàjẹ́, atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò lè tún un ṣe. Àwọn ajórin kò ṣọ̀wọ́n ní Adó-Èkìtì. Àwọn tí ń jó géètì aláràbarà fún ilé ọlọ́lá lè jó irú kẹ̀kẹ́ yìí bí a bá fi àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn wọ́n, owó rẹ̀ kò sì ní kúrò nílùú. Òótọ́ ni pé apá yóò ro ẹni tí ó bá yí i gun òkè Adó. Síbẹ̀, ó sàn ju kí ó máa rá pálá nínú eruku.

Kẹ̀kẹ́ nìkan kò tó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí òfin tí ó kà á léèwọ̀ láti ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Òfin náà fún àwọn tí ó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí aláàbọ̀ ara lè wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àtẹ̀gùn sì ṣì ni ó ń kí ènìyàn káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, báǹkì àti ilé-ìjọsìn. Ibòmíràn wà tí wọ́n rọ kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí, ṣùgbọ́n tí ó dà bí ẹni pé ewúrẹ́ ni wọ́n rọ ọ́ fún. Ìwọ̀n tí ó yẹ kò ṣòro: bí ibi tí à ń lọ bá ga ní mítà 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn tó mítà 12. Àtẹ̀gùn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 yóò gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mítà 7 àti díẹ̀. Bí bíríkìlà bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, owó èyí kò tó nǹkan. Ìgbà tí ilé bá parí tán ni ó ń di ìnáwó.

Bí ó ti rí fún arọ ni ó rí fún afọ́jú àti adití. Ilé-ìwé àwọn afọ́jú wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ti àwọn adití sì wà ní Ìkọ̀rọ̀-Èkìtì. Láti ọdún 2017 ni àjọ JAMB ti yan ìgbìmọ̀ kan tí ń bójú tó ìdánwò àwọn afọ́jú, Adó-Èkìtì sì ti wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dé ibi ìdánwò náà bí kò bá rí ìwé Braille kà láti kékeré?

Àwọn kan yóò ní omi kò tíì tó, ọ̀nà kò dára, kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí ó pọ̀ ná. Wọ́n gbàgbé pé àwọn tí ó pọ̀ yìí ni yóò darúgbó, tí orúnkún yóò sì máa dùn. Wọ́n gbàgbé ìjàm̀bá ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpótì-Èkìtì, fi ń rìn títí di oṣù kejìlá ọdún 1997 tí ọkọ̀ fi ṣe é léṣe. Láti orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ó ti kọrin tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò kan òun.

Ilé-ìwé gíga méjì-méjì alájà pọ̀ ní Èkìtì. Bí ọmọ tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn bá bọ́ sí kíláàsì tí ó wà lókè, ọ̀gá ilé-ìwé lè gbé kíláàsì náà sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kò sì ní ná an ní kọ́bọ̀.