Ariwo Kọ́ Ni Orin Kíkún

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Láti Ẹlẹ́yẹlé títí dé Bódìjà, àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nínú yàrá wọn. Bí orin bá ṣófo létí wọn, wọn a fi ohùn mìíràn kún un, wọn a tún fi òmíràn kún un, títí yóò fi di ariwo ọjà. Èmi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni orin ṣe ń kún.

Ẹ wo ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì ń dún nísàlẹ̀. Gúdúgúdú kékeré tí a ń fi awọ méjì lù kò yí ohùn padà, síbẹ̀ òun ló ń di orin mú. Àyè tí ọ̀kan fi sílẹ̀ ni èkejì ń dí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba kọ odidi ìwé lórí dùndún, tó jáde ní 1990. Ta ni yóò wá sọ pé òun kò rí àwòkọ́ṣe?

Kí ẹ tó fi ohùn kún ohùn, ẹ bi í léèrè pé: iṣẹ́ wo lo wá ṣe?

Èyí tó dùn mí jù ni ohùn gángan tí wọ́n ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Gángan kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹni tí kò mọ ohun tí gángan ń wí nínú orin rẹ̀ ti yá àjèjì lẹ́nu. Ẹ pe onílù, kí ó fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ orin yín.

Àbí kí lẹ rí sí i?