Ọbẹ̀dò Inú Àpótí Omi Òkun

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí ojú wa rí nídìí àpótí gíláàsì kan ní Àjàṣẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Àpótí tuntun ni, lítà 200, tí a gbé sínú yàrá tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń péjọ sí. Iyọ̀ òkun kílò 7 ni a pò mọ́ omi rẹ̀. A dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 kí a tó fi ẹja méjì sínú rẹ̀; wọ́n pupa bí ọsàn tó pọ́n, ìlà funfun sì yí wọn ká. Àwọn ọmọdé sọ wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Ní oṣù kẹta, ọbẹ̀dò hù bo òkúta àti yanrìn bí irun. Ojú tì wá. A ra oògùn tí ń pa á, a sì ti ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí ẹja sínsìn dá wa dúró. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọbẹ̀dò yóò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò jẹrà, ìjẹrà rẹ̀ yóò sì gba èémí mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ta ni yóò wá sọ fún àwọn ọmọdé pé ìbejì wọn ti kú?”

A dé ìgò náà padà.

Bàbá wá là á yé wa. Àjẹkù oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja a máa di amóníákì, tí í ṣe májèlé. Àwọn bakitéríà tí ojú kò lè rí a máa sọ ọ́ di nítírítì, wọn a sì sọ nítírítì di nítíráàtì. Nítíráàtì yìí, pẹ̀lú fósífáàtì, ni ajílẹ̀ ọbẹ̀dò. Bí iná bá tún ń tàn pẹ́, oko rẹ̀ dé nìyẹn.

Àwa gan-an ni a ń bọ́ ọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni a ń da oúnjẹ sómi. Iná wa ń tàn láti òwúrọ̀ títí di òru. Omi ẹ̀rọ lásán ni a fi po iyọ̀.

A yí ìwà padà. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ẹja ń jẹun báyìí, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2. Wákàtí 8 ni iná ń tàn. Omi tí a sẹ́ mọ́ tónítóní ni a ń lò. A ń pààrọ̀ lítà 20 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì ń fi ọwọ́ fa ọbẹ̀dò tu. A tún kó ìgbín òkun sí i láti máa jẹ èyí tó kù. Oṣù méjì kọjá kí òkúta tó hàn padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹni tí ń gbé létí ọ̀sà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ewé tí àwọn elédè Faransé ń pè ní jacinthe d'eau a máa bo adágún Nokoué. A kó o títí, ó tún padà. Ìdọ̀tí tí a ń dà sómi wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí a tó bínú sí ohun tó hù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ wa ń dà sómi.

Táíwò àti Kẹ́hìndé wà láàyè. Ẹ yà kí wọn.