Louisiana: Ọrọ̀ Ń Ṣàn Kọjá, Ilẹ̀ Ń Bá A Lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Atlanta pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n ní ilé ò wọ́n ní Louisiana lọ́dọ̀ yín, iṣẹ́ epo sì pọ̀. Ṣé kí n máa kó ẹrù bọ̀?" Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì. Kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ẹnjiníà tó jẹ mọ́ omi ni mo wá gba oyè másítà lé lórí níbí. Odò Mississippi ló mọ gúúsù ìpínlẹ̀ yìí. Ẹrẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ láti ìpínlẹ̀ tó lé ní 30 ló ń kó jọ síbẹ̀: omi á kún, omi á fà, ẹrẹ̀ á ṣẹ́kù, ilẹ̀ á ga sí i. Lẹ́yìn àkúnya omi ọdún 1927, ìjọba àpapọ̀ mọ òkìtì erùpẹ̀ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ odò kí omi má bàa wọ ìlú mọ́. Iṣẹ́ náà dáa, ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun eré. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó yẹ kó máa tún ilẹ̀ mọ wá ń bá odò lọ tààrà sínú òkun. Àwọn elépo náà gbẹ́ ọ̀nà omi káàkiri inú irà kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ wọlé. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó pa koríko tó di ilẹ̀ mú. Láti 1932 sí 2016, ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi 2,000 máìlì níbùú àti lóròó ló ti wọmi. Ẹ fi wé tiwa nílé: gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó ò tó 1,400.

Ṣé ọrọ̀ ò wá sí níbẹ̀ ni? Ó wà, ó pọ̀. Ju ìdajì ọkà tí Amẹ́ríkà ń kó lọ sókè òkun ló ń gba ẹnu odò yìí kọjá. Henry Hub, nítòsí ìlú kékeré Erath, ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó gáàsì ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kejì 2016 tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti gbé gáàsì olómi kúrò ní Sabine Pass, kò sí ìpínlẹ̀ tó ń kó o jáde tó Louisiana. Láàárín Baton Rouge sí New Orleans, nǹkan bíi máìlì 85, iléeṣẹ́ ìfọpo àti ti kẹ́míkà ju 100 lọ. Ìrèké ń bẹ, ìrẹsì ń bẹ, crawfish náà ń bẹ nínú oko ìrẹsì. (Kì í ṣe edé gbígbẹ tá à ń fi se ọbẹ̀ o! Èmi náà ṣì í mú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé.)

Síbẹ̀, nínú èèyàn márùn-ún níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ tálákà. Àwọn àgbà ní a kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Kí ló wá dé? Àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ tí wọ́n fi bílíọ̀nù dọ́là kọ́ lè má gbà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan òṣìṣẹ́ lọ, ẹ̀rọ ló ń ṣe ìyókù. Èkejì, láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń yọ̀ǹda owó orí dúkìá fún àwọn iléeṣẹ́ yìí, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá. Owó iléèwé àti owó ọlọ́pàá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 64 tí wọ́n ń pè ní parish ni. Ní 2016, Gómìnà John Bel Edwards dín in kù, ó sì ní kí wọ́n máa bi àwọn ará àdúgbò kí wọ́n tó yọ̀ǹda ohunkóhun. Ní 2024, Gómìnà Jeff Landry tún dẹ okùn náà.

Ibi tó kan ẹni tó fẹ́ ra ilé gan-an rèé: ínṣọ́ránsì. Lẹ́yìn ìjì Laura ní 2020 àti Ida ní 2021, ó ju iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì mẹ́wàá lọ tó wọko gbèsè. Tèmi wà níbẹ̀. Òrùlé mi ṣí sílẹ̀, mo tẹ fóònù títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ilé tí wọ́n bá kọ̀ láti gbà níbòmíràn, Louisiana Citizens ti ìjọba ló ń gbà á. Ní 2023, òun náà fi nǹkan bí ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó rẹ̀. Ilé ò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ gbígbé inú ẹ̀ wọ́n.

Ṣé wọn ò wá nǹkan ṣe sí ilẹ̀ tó ń lọ ni? Ní 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí yóò ná wọn ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, láti la odò kó lè tún da ẹrẹ̀ sí Barataria. Owó tí wọ́n gbà lórí epo tó dà sókun ní 2010 ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Àwọn apẹja fárígá: omi odò á pa ìṣáwùrù òkun tí wọ́n ń jẹ lára ẹ̀. Ẹjọ́ dé, owó iṣẹ́ ń lọ sókè, ìjọba sì fagi lé e ní oṣù Keje 2025. Mi ò lè bá àwọn apẹja wí. Ta ni wọ́n á gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀ tí á dákẹ́? Àmọ́ bí ilẹ̀ bá lọ tán, ibo ni wọn yóò so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́? Ará Ìlàjẹ tó bá mọ Ayétòrò, tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí epo wà, kò nílò àlàyé mi.

Àbúrò mi tún pè. "Bọ̀dá, ẹ ò tíì sọ bóyá kí n wá." Mo ní: tó o bá ti ríṣẹ́, máa bọ̀. Ṣùgbọ́n háyà ilé lọ́dún kan ná. Wo àwòrán ibi tí omi ń dé kó o tó wo kíṣìnnì. Béèrè iye ínṣọ́ránsì kó o tó béèrè iye ilé. Tó o bá sì ti di ọmọ onílùú, lọ dìbò fún ìgbìmọ̀ iléèwé parish rẹ, torí owó iléèwé wà lára owó tó lè dúró, àbí kó máa bá odò lọ.