Olùṣọ́-Àgùntàn àti Agbo Rẹ̀

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, kò sí èyí tí a tètè ń yìn lójú tí a sì tètè ń bú lẹ́yìn bí iṣẹ́ pásítọ̀. Bí àwọn ènìyàn kò bá pọ̀ ní ìsìn, wọn a ní kò mọ ìwàásù í ṣe. Bí owó ìkórè bá kéré, wọn a ní kò ní ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, òun ni àwa sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa, pàápàá àwọn ará wa ní Ìlọ́fà àti agbègbè rẹ̀, bá wa gbé yẹ̀wò: ǹjẹ́ pásítọ̀ yìí fẹ́ràn ìjọ rẹ̀, kí ni a ó sì fi mọ̀ ọ́n?

Àwọn baba wa ní, ẹni tí a fẹ́ ni a mọ̀, a kò mọ ẹni tí ó fẹ́ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìpọ́njú a máa tú àṣírí ìfẹ́. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1853 ni Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí pa, owó àti ẹrù kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn bí ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà nínú ohun èlò ilé wọn kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Àlejò ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n bá agbo náà jẹ nínú ìyà. Nígbà tí àìlera lé wọn padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1869, Daniel Olubi, tí ó ti ń bá wọn gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ni ìtọ́jú ìjọ náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Ẹ tún wo ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú ń pa ènìyàn káàkiri. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ kan, Joseph Shadare àti Sophia Odunlami tí í ṣe olùkọ́, kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Wọn kì í ṣe àlùfáà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣàìsàn kò bèèrè ẹ̀wù àlùfáà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí a súnmọ́ ilé. Ní Odò-Ọwá, tí kò jìnnà sí Ìlọ́fà, ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904. Awakọ̀ katakata tí ń tẹ ọ̀nà ni, lábẹ́ ìjọba, nígbà tí ó gbọ́ ìpè ní 1928. Ní 1930, ní Òkè-Ooye ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ́ tọ̀ ọ́ lọ, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà. Ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932, ó jáde, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí ó fi sùn ní Ẹdẹ ní 1959. Àwa kò bá àwọn tí ó kọ oògùn ìwòsàn sílẹ̀ nígbà náà sọ ohùn kan. Dókítà àti àdúrà kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ìjọ kankan gbàgbé: ibi tí a bá ti gba ẹrù ènìyàn sọ̀ ni yóò máa lọ.

Ọ̀ràn tí ó dun àwa jù nìyí. Ní ìjọ púpọ̀ ni a ti rí i pé nígbà tí arúgbó bá kú, ìwé owó ìjọ ni a kọ́kọ́ ń ṣí. Bí ó bá jẹ gbèsè, a ó ní kí àwọn ọmọ san án tán kí agogo tó lù. Opó tí kò rí iṣu tà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tí wọn kò bẹ̀ ẹ́ wò, ta ni ó wọ ilé rẹ̀ nígbà tí gbèsè náà ń gùn sí i? Bí pásítọ̀ bá ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá mọ̀ pé àìní ni, kì í ṣe àìgbọràn. Alágbàṣe ni ń ka àgùntàn nítorí irun rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìwé owó kò ní ojú.

Síbẹ̀, kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru pásítọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Ìjọ tí ó jẹ́ kí ilé pásítọ̀ máa jò, tí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jókòó sílé nítorí owó ilé-ìwé, kò yẹ kí ó bèèrè ìdí tí ojú rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì lórí àga ìwàásù. Ẹ̀yin oníṣòwò wa tí ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì àti Àjíǹde, tí ẹ ń ná owó ńlá lójú agbo, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bákan náà pé, bàbá, ta ni ó ṣàìsàn láti ìgbà tí mo ti lọ, kí n lè bá yín lọ kí i?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí gbogbo ìjọ yọ àwọn tí kò ní kúrò nínú ìwé gbèsè, kí wọ́n sì sin òkú wọn pẹ̀lú ọlá. Kí pásítọ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà àwọn tí kò lè wá mọ́. Kí a má sì fi iye owó ìkórè nìkan wọn iṣẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ tí ó mọ orúkọ opó tí ó jókòó lẹ́yìn òpó ilé ìsìn, tí ó sì mọ ìgbà tí àyè rẹ̀ ṣófo, ó ti ń ṣe iṣẹ́ Ọ̀gá rẹ̀.