Ẹjọ́ Tí A Jàre, Owó Tí Kò Dé



Bí ìyà bá jẹ wá lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí á wá lọ́yà tó mọ̀wé." Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, olùkọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1999 di 2007, kó tó wá di igbákejì Ààrẹ ní 2015.

Ó ṣe ohun tó yẹ ká yìn. Nígbà tirẹ̀ ni ìjọba Èkó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí lọ́yà ti ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Awakọ̀ tí ọlọ́pàá tì mọ́lé, tí kò lówó lọ́wọ́, rí ibi sá lọ.

Ẹjọ́ kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ní 2004, ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró, nítorí pé Èkó fi 37 tuntun kún 20 tó wà nínú ìwé òfin. Èkó gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ ní àwọn 37 náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n Ààrẹ kò láṣẹ láti di owó mú. Èkó jàre. Síbẹ̀, Ọbásanjọ́ kúrò lórí oyè ní 2007, owó náà kò tíì pé. Ààrẹ Yar'Adua ló pàṣẹ pé kí wọ́n san èyí tó kù.

Bí odindi ìpínlẹ̀ bá lè jàre tán kó ṣì máa retí owó, kí ni ti ẹnì kan ṣoṣo nídìí ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ gé ìka arákùnrin wa kan. Iléeṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé owó gbà-má-bínú, wọ́n wá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ọjọ́ tí gbogbo wa jọ dúró lẹ́nu géètì ni akọ̀wé owó rí kọ́kọ́rọ́ àpótí.

N kò ní kí á má lo lọ́yà o. Ìdájọ́ ni ọkọ́, apá wa la ó fi ro oko. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, ẹ san owó ẹgbẹ́, ẹ sì wá sí ìpàdé.